Ẹnu Ọmọ nínú Kíláàsì Ìlera

Bí òbí kan bá gba ìwé tí wọ́n to àkókò ẹ̀kọ́ sí lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tó wà ní collège, ìyẹn ilé-ìwé girama kékeré, ní Abidjan, tó wá ọ̀rọ̀ náà "ìlera" láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, kò ní rí i. Kì í ṣe pé wọn kò kọ́ ọ. Wọ́n pín in sáàárín àwọn iṣẹ́ mìíràn ni. Olùkọ́ SVT, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí àti ilẹ̀ ayé, ló ń kọ́ wọn nípa oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀, ìbímọ àti kòkòrò tó ń fa àrùn. Olùkọ́ EDHC, tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ojúṣe ọmọ ìlú, ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ oògùn olóró àti ìwà ipá sí ọmọdé. Olùkọ́ eré ìdárayá náà ní ipa tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ní máàkì nínú ìdánwò BEPC tí wọ́n ń ṣe ní ìparí 3ème, kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní collège, ọmọ tí ara rẹ̀ kò bá sì gbà á gbọ́dọ̀ mú ìwé dókítà wá. Ẹgbẹ́ ìlera tún wà láwọn ilé-ìwé kan, níbi tí àwọn ọmọ ti ń pàdé lẹ́yìn ẹ̀kọ́.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló pọ̀ jù ní collège, láti 6ème títí dé 3ème. Àsìkò ìbàlágà gan-an nìyẹn. Ohùn ọmọkùnrin ń yí padà, ọmọbìnrin ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, ìbéèrè sì ń pọ̀ nínú orí ju èyí tí ẹnu lè sọ lọ.

Ohun tó mú kí ìjọba Côte d'Ivoire fún ẹ̀kọ́ yìí ní agbára tuntun kò ṣeé gbàgbé. Ní ọdún ilé-ìwé 2012 sí 2013, wọ́n kọ oyún 5,076 sílẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Ní 2014, lábẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Kandia Camara, ìpolongo "Zéro grossesse à l'école", ìyẹn "kí oyún má sí ní ilé-ìwé mọ́", bẹ̀rẹ̀, UNFPA, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iye ènìyàn, sì tì í lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣètò àwọn ẹ̀kọ́ tí wọ́n pè ní Leçons de vie saine, ẹ̀kọ́ nípa gbígbé ayé ìlera, tí wọ́n fi sáàárín àwọn iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀. Ìpolongo náà dára. Síbẹ̀, mo rò pé ó gbé ẹrù náà lé ọmọbìnrin nìkan lórí jù. Oyún ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ọkùnrin tó fún un. Ọkùnrin yẹn lè má jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rárá. Ó lè jẹ́ onímọ́tò, oníṣòwò, àní ó lè jẹ́ olùkọ́. Nítorí náà, kíláàsì ìlera tó bá máa ṣe ọmọ láǹfààní kò lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kìlọ̀ fún ọmọbìnrin lásán. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí ọmọ ti lè la ẹnu.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òfin ti wọlé. Nínú kíláàsì ìṣirò, òfin àkọ́kọ́ ni pé kí ọmọ dákẹ́. Ó sì yé mi. Ọ̀pọ̀ kíláàsì ìjọba ní àdúgbò Abobo àti Yopougon ní Abidjan ló ní ọmọ tó lé ní ọgọ́ta, ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta péré sì ni wákàtí ẹ̀kọ́ kan. Bí gbogbo wọn bá ń sọ̀rọ̀, ta ni yóò gbọ́ olùkọ́? Ṣùgbọ́n bí a bá gbé òfin ìdákẹ́jẹ́ yẹn wọ kíláàsì ìlera, a ti pa ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ á kọ gbogbo ohun tó wà lójú pátákó, á gba 16 nínú 20, á sì padà sílé pẹ̀lú ìbéèrè tó gbé wá. Òfin kíláàsì ìlera wà kí ọmọ lè sọ̀rọ̀ láìfòyà, ohun tí mo sì fẹ́ ṣàlàyé ni bí òfin kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe é.

Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ka òfin náà sí àwọn ọmọ létí bí ẹni ń ka ìwé ẹjọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń bi wọ́n pé: kí ni yóò mú kí o lè béèrè ohun tó ń dá ọ láàmú níhìn-ín? Àwọn ọmọ fúnra wọn ni yóò sọ ọ́. Ọ̀kan á ní kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín òun. Òmíràn á ní kí wọ́n má lọ sọ fún ìyá òun. Ẹ̀kẹta á ní kí wọ́n má pe òun dìde tipátipá. Olùkọ́ á kọ ọ́ sójú pátákó, wọ́n á jọ tún un ṣe, gbogbo wọn á kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé wọn. Ìlànà tí UNESCO gbé jáde lórí ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ ní 2009, tí wọ́n tún ṣe ní 2018, tẹnu mọ́ ọn pé ó yẹ kí irú ẹ̀kọ́ yìí wáyé níbi tí ọkàn ọmọ ti balẹ̀. Òfin tí ọmọ bá bá wọn ṣe, ó ṣòro fún un láti fọwọ́ ara rẹ̀ rú u.

Òfin ẹ̀rín ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ẹ jẹ́ kí n mú nǹkan oṣù ṣe àpẹẹrẹ. Aṣọ ilé-ìwé ọmọbìnrin ní collège jẹ́ búláòsì funfun àti síkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù. Káàkì ni ti ọmọkùnrin. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kan síkẹ́ẹ̀tì, gbogbo kíláàsì ló máa rí i nígbà tí ọmọ náà bá dìde lọ sí ojú pátákó. Ẹ̀rín ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn tó láti mú kí ọmọbìnrin máa dúró sílé ní ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin lóṣooṣù. Kò ní sọ ìdí rẹ̀. Á ní inú ń run òun, tàbí pé màmá òun rán òun lọ́jà. Ẹ̀kọ́ tó pàdánù á máa kó jọ títí, ìwé ọmọ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, "má ṣe rẹ́rìn-ín ẹnikẹ́ni" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà pẹ̀lẹ́ lásán. Òfin ìlera gidi ni, bíi fífọ ọwọ́ kí a tó jẹun. Ẹni tó bá sì rú u, kí olùkọ́ má gbójú fò ó kí ó lè parí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà kíákíá. Kí ó dá ẹ̀kọ́ dúró, kí ó sọ̀rọ̀ sí i lójú gbogbo wọn.

Ẹ̀rín kan wà tó yàtọ̀ o. Nígbà tí olùkọ́ bá kọ́kọ́ pe nǹkan ọmọkùnrin tàbí nǹkan ọmọbìnrin ní orúkọ rẹ̀ gan-an, ojú máa ń ti àwọn ọmọ, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Èyí kò burú. Kí olùkọ́ jẹ́ kí ó kọjá, kí ó tún orúkọ náà pè, kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ náà ti dà bí ikùn tàbí ìka ẹsẹ̀ létí wọn. Ọmọ tó bá lè dárúkọ gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ láìtijú ló lè sọ fún nọ́ọ̀sì ibi tó ń dùn ún, òun ló sì lè sọ ní pàtó bí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ.

Lórí àṣírí, ó pọn dandan kí òfin ṣe kedere, nítorí ibi tí olùkọ́ púpọ̀ ti ń ṣèlérí ohun tí wọn kò lè mú ṣẹ nìyẹn. Láàárín àwọn ọmọ, òfin náà kò ṣòro: ohun tí ẹnì kan bá sọ nípa ara rẹ̀ níhìn-ín kò gbọ́dọ̀ jáde sí gbọ̀ngàn tàbí sórí WhatsApp. Bí o bá fẹ́ sọ ìtàn tó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn, má dárúkọ onítọ̀hún. Láàárín ọmọ àti olùkọ́, ààlà wà. Bí ọmọ bá sọ pé wọ́n ń lu òun nílé títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde, tàbí pé àgbàlagbà kan ń bá òun sùn, olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ pa á mọ́ra. Ó gbọ́dọ̀ mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tó lè gba ọmọ náà sílẹ̀. Nọ́ńbà 116 wà tí ènìyàn lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ ní Côte d'Ivoire nítorí ọmọ tó wà nínú ewu. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí olùkọ́ ti sọ èyí fún wọn, kí ọmọ tó la ẹnu. Bí kò bá sọ ọ́, tó wá di pé ó gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, ojú ọ̀dàlẹ̀ ni ọmọ yóò fi wò ó, àwọn yòókù kò sì ní bá a sọ nǹkan kan mọ́.

Àpótí ìbéèrè tún wà. Páálí bàtà tí wọ́n gé ihò sí lórí ti tó. Olúkúlùkù á kọ ìbéèrè rẹ̀ láìkọ orúkọ, wọ́n á sọ ọ́ sínú rẹ̀. Ọgbọ́n kan wà nínú lílò rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí: gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ jù ú, kí ẹni tí kò ní ìbéèrè kọ "n kò ní ìbéèrè lónìí", kí ó ká ìwé náà bíi ti àwọn yòókù. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá dìde lọ síbi páálí ti fi ara rẹ̀ hàn. Olùkọ́ á kó wọn lọ sílé, á kà wọ́n, á sì dáhùn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò sí ìbéèrè tí a ó fi ṣe ẹlẹ́yà, títí kan èyí tí ọmọ kan kọ láti fi dá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lára yá, nítorí ọmọ mìíràn wà nínú kíláàsì yẹn tó fẹ́ mọ ìdáhùn rẹ̀ lóòótọ́.

Òfin kan de olùkọ́ náà: kò gbọ́dọ̀ béèrè ohun tó jẹ́ ti ara ọmọ fúnra rẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀jẹ̀, a lè ṣàlàyé AA, AS àti SS, kí a sọ bí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ṣe ń ti ara òbí méjèèjì wá, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ ní kí ọmọ dìde sọ irú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. HIV le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abidjan mọ àrùn yìí láti 1985 tí wọ́n ti rí àwọn aláìsàn àkọ́kọ́, ìlú náà sì ni ìpàdé ńlá ilẹ̀ Áfíríkà lórí rẹ̀ ti wáyé ní 1997 àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2017. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan wà nínú kíláàsì yìí tí wọ́n bí pẹ̀lú kòkòrò náà, tó ń lo oògùn lójoojúmọ́, tí kò sì sí ẹni tó mọ̀. Òfin orílẹ̀-èdè náà ti ọdún 2014 lórí HIV dáàbò bo àṣírí rẹ̀. Olùkọ́ tó bá ń sọ̀rọ̀ HIV bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa "àwọn kan" tó wà níta, ọmọ tó jókòó síwájú rẹ̀ ló ń lù. Kí ó máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Ẹgba ńkọ́? Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009 ni ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Côte d'Ivoire ti fòfin de lílù àti ìyà àbùkù ní ilé-ìwé. Mo mọ̀ pé àwọn òbí wa kan ṣì ń sọ fún olùkọ́ pé kí ó na ọmọ àwọn dáadáa. Nínú kíláàsì ìlera, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. A kò lè máa kọ́ ọmọ ní òwúrọ̀ pé ara rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe é léṣe, kí a wá gbé ẹgba bò ó ní ọ̀sán nítorí pé ó dáhùn ìbéèrè láìtọ̀nà.

Ohun tí a ń retí lọ́wọ́ ọmọ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò rọ̀. Kí ó tètè dé. Kí ó ní ìwé tirẹ̀. Kí ó máa gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tán. Bí kò bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè kan, ó lè sọ pé kí wọ́n fo òun, ṣùgbọ́n kò lè sùn. Ìdánwò rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí wọ́n gbé kalẹ̀, pé kí ni yóò ṣe. Àkọ́sórí kò tó fún irú rẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ràn láti rí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni orí oúnjẹ. Garba, ìyẹn attiéké pẹ̀lú ẹja tuna díndín, ata àti àlùbọ́sà, ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń rà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Ìwé á máa ya àwòrán àwo oúnjẹ tó ní èso àpù nínú, bẹ́ẹ̀ ni garba ló wà ní ikùn ọmọ. Olùkọ́ gidi á mú garba náà wá sí ojú pátákó: ẹ̀gẹ́ ni attiéké, ó ń fúnni lágbára, ẹja náà ń kọ́ ara, ewébẹ̀ kò tó, òróró tí wọ́n ti lò léraléra tó ti dúdú kò sì dára. Kí ni a lè fi kún un pẹ̀lú owó tó wà lọ́wọ́? Tòmátì? Kùkúḿbà? Ọsàn kan lẹ́yìn rẹ̀? Òfin tó bá èyí rìn ni pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bi ẹlòmíràn ohun tí wọ́n sè nílé wọn, nítorí ọmọ tí kò jẹun lówùúrọ̀ wà níbẹ̀.

Oògùn òpópónà jẹ́ ọ̀rọ̀ Abidjan gan-an. Ọjà Roxy ní Adjamé gbajúmọ̀ káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fún títa oògùn láìgba àṣẹ, kí àwọn aláṣẹ tó wó o ní 2017. Ọmọ tó bá orí fífọ́ wá sí ilé-ìwé lè ní kápúsù nínú àpò rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ rà lórí àtẹ, kí ó sì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kan pẹ̀lú inú rere. Àwọn àgbà ọmọ mọ èyí tí wọ́n ń pè ní kadhafi, tramadol tí wọ́n ń pò mọ́ ohun mímu. Òfin kíláàsì níhìn-ín gbọ́dọ̀ ṣe kedere: ọmọ kò gbọ́dọ̀ fún ọmọ ní oògùn, ì báà jẹ́ ti orí fífọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpara abóra. Ìjọba ti fòfin de àwọn ìpara tó ní makúrì àti hydroquinone tó pọ̀ jù nínú láti 2015, síbẹ̀ ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá ṣì ń rí i lórí tábìlì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kíláàsì ni ibi tó ti lè gbọ́ ohun tó ń ṣe fún awọ ara àti kíndìnrín láìsí ẹni tó ń bú ẹ̀gbọ́n náà.

Wọ́n máa ń bi wá bóyá kí a ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Ìdáhùn mi ni pé kí a kọ́ wọn pọ̀, ṣùgbọ́n kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkókò díẹ̀ lọ́tọ̀ fún ìbéèrè. Ọmọkùnrin tí kò gbọ́ nípa nǹkan oṣù ní kíláàsì ni yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbọ̀ngàn, òun náà sì ni ọkọ ọ̀la.

Ó ku ilé. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà ní àdúgbò Treichville, Adjamé àti Koumassi ní Abidjan, pàápàá àwọn tí gbòǹgbò wọn wà ní Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ń tọ́ ọmọ wọn bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn náà: ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, kì í sì í dárúkọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ. Ìtọ́jú ni wọ́n fi ń ṣe é, n kò sì bú u. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni ọmọ fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, Yorùbá ni ìyá rẹ̀ fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ìyá tí kò lè ka ìwé ọmọ rẹ̀ yóò máa ro ohun tó wà nínú rẹ̀, ìbẹ̀rù ló sì máa ń kún àyè tí ìmọ̀ kò bá dé. Irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìgbé ayé ẹbí àti HIV ní àwọn ilé-ìwé girama kékeré ní 2003, pẹ̀lú àjọ Action Health Incorporated; ní 2022, Adamu Adamu, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ kúrò nínú ìwé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òbí àti ilé ìjọsìn. Ìbá dára bí òbí bá ń sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ kì í sọ ọ́. Ọmọ tí òbí dákẹ́ fún, tí olùkọ́ náà dákẹ́ fún, fóònù ló máa lọ bi.

Nítorí náà, bí ilé-ìwé bá pe ìpàdé òbí, ẹ lọ. Bí Faransé yín kò bá já gaara, ẹ mú ẹ̀gbọ́n ọmọ náà dání. Ẹ ní kí wọ́n ka òfin kíláàsì ìlera fún yín, kí wọ́n sì sọ ẹni tí ọmọ lè lọ bá bí olùkọ́ fúnra rẹ̀ bá jẹ́ ẹni tó ń dà á láàmú. Ìbéèrè kejì yìí máa ń mú kí àwọn kan fajú ro. Ẹ béèrè rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé-ìwé tó ti múra sílẹ̀ yóò dárúkọ éducateur kan, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ọmọ ní ilé-ìwé, tàbí nọ́ọ̀sì kan, yóò sì júwe ibi ìtọ́jú ọ̀dọ́ tí àwọn ọmọ ń lò ní àdúgbò yẹn. Èyí tí kò bá ní ìdáhùn, ẹ bá wọn jókòó kí ìpàdé tó tú, kí wọ́n yan ẹni kan, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ òfin náà kí àwọn ọmọ lè rí i.